Rọ́bà Omi Tó Gba Orí Afárá Lọ Sílé Anti Delphia

Lynette ọmọ mi,

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún yìí lọ, kò tún ní sí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tó máa gbẹ mọ́ nínú ilé mẹ̀kúnnù kankan ní gbogbo orí òkè wa yìí, láti ibi tí odò ti ṣẹ̀ wá títí dé ibi tó ń ṣàn lọ. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Adájọ́ Lovell Pratt ló sọ ọ́, lórí pèpéle, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé gíga, níwájú àsíá méjì. O mọ̀ ọ́n: òun ni olórí àgbègbè wa, Adájọ́ la sì ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó ní omi kì í ṣe ọjà, ó ní ẹ̀mí ni. Ó ní ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀ tí wọ́n á fi máa bá àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan san owó omi, ó ní àwọn ọmọ ọmọ wa á máa sọ ìtàn ọjọ́ náà. Ó wá dánu dúró díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wá lára, ó sì mu omi. Inú ike ló ti mu ún, omi tí wọ́n rà ní ilé ìtajà. Mo rí i.

Mo kí ọ púpọ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi ẹnu àgbà sọ̀rọ̀? Ilé tí ẹ ń gbé ní Cincinnati ńkọ́, ṣé ẹni tó ń gbé lókè yín ti dẹ́kun à ń sáré lórí yín láàárọ̀? Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nínú àfonífojì yìí máa ṣọ́ ẹ níbẹ̀ yẹn, níbi tí aládùúgbò kò ti mọ orúkọ aládùúgbò. Kí ó má jẹ́ kí o pàdé awakọ̀ tó ń wo fóònù. Kí oúnjẹ ilé rẹ má tán lọ́jọ́ tí àlejò bá dé. Àmín.

Níbí, a wà. Orúnkún mi ọ̀tún ń sọ pé òjò ń bọ̀, ti òsì kò sì gbà á gbọ́. Mo gbin ẹ̀wà ní Ọjọ́ Ẹtì Rere bí ìyá rẹ, kí Ọlọ́run fún un ní ìsinmi, ṣe máa ń gbìn ín, ó sì ti hù. Ajá náà ṣì wà, kò ṣiṣẹ́ kankan. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń jò sórí àwọn akọrin ohùn kejì, pásítọ̀ sì ní ìdánwò ìgbàgbọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ omi gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, nítorí ó ti di ohun tí mi ò lè dá gbé mọ́. O rántí pé kànga Anti Delphia rẹ bàjẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ibi ìwakùsà orí òkè pa tí omi sì kún inú ihò náà, omi pupa bí irin tó dógùn-ún ló ń jáde nínú kànga náà. Ó kun aṣọ ibùsùn rẹ̀, ó kun inú ìkòkò rẹ̀, débi pé aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ nìkan ló ń wọ̀, ó ní kí aṣọ àti omi má bàa máa bára wọn jà. Páìpù ilé iṣẹ́ omi dé ẹ̀gbẹ́ odò tèmi, ó sì dúró síbẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí wọ́n ti ń ṣèlérí pé àwọn á mú un kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Adájọ́ mẹ́ta ló ti ṣe ìlérí náà, méjì nínú wọn sì ti kú pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu.

Nítorí náà, ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, mo ra rọ́bà omi, ọ̀nà mẹ́ta, mo so wọ́n pọ̀, mo fi okùn dè wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ afárá olókùn tó wà lórí odò náà, mo sì mú un wọ ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀. Mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi sórí òkè yìí, mi ò tíì rí ẹni tó ń gba àṣẹ kó tó fún aládùúgbò lómi mu. Nígbà òtútù a ní láti jẹ́ kí omi náà máa kán tọ̀sán tòru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dì gbagidi nínú rọ́bà. Rọ́bà náà sì gba àbójútó. Mo máa ń lọ wo ìparí rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ Anti Delphia ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Àyẹ̀wò náà máa ń gbà tó wákàtí méjì, nítorí kọfí máa ń wà níbẹ̀, àti búrẹ́dì àgbàdo, ènìyàn kò sì lè mọ̀ bóyá rọ́bà ń jò tàbí kò jò láìjókòó tì í. Kóòtù mi tó dára ni mo máa ń wọ̀ lọ, nítorí atẹ́gùn orí afárá.

Mo mọ̀ pé owó omi máa gòkè díẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé mítà náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń finú hàn. Láyé àtijọ́ ọkùnrin kan ló ń wá kà á. Á bẹ̀rẹ̀, á kà á, á bá wa sọ̀rọ̀ ẹja díẹ̀, á lọ. Ní báyìí, ọkọ̀ kan ló ń kọjá lójú títì, kì í tilẹ̀ dúró, mítà á sì ti sọ gbogbo ohun tí mo lò fún un, bí ọmọ ilé ìwé tó ń fẹjọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sùn. Mi ò fẹ́ràn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi kọ́ni, mi ò sì rí ìdí tí mo fi máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo wá fi garawa irin ìyá rẹ bò ó lórí, mo gbé òkúta lé e. Ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ̀wé pé níwọ̀n bí àwọn kò ti gbúròó mítà, àwọn kàn fojú bu omi tí mo lò ni. Ojú tí wọ́n fi bù ú, ojú ńlá ni. Owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ ju owó ìfẹ̀yìntì ọ̀sẹ̀ kan lọ dáadáa, wọ́n sì ní bí mi ò bá san án tó bá fi di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, àwọn á ti ẹ̀rọ pa. Bí wọ́n bá sì ti tèmi pa, wọ́n ti ti Anti Delphia pa nìyẹn.

Ni mo bá rántí ọ̀rọ̀ Adájọ́. Mo fura sí i, mi ò purọ́ fún ẹ. Ọgbọ̀n ọdún ni ìjọba kò fi béèrè bí mo ṣe jí, wọ́n wá déédéé fẹ́ mọ iye omi tí mo fi ń fọ abọ́. Síbẹ̀ mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri gbọ̀ngàn. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Mo dúpẹ́. Mo bi í pé ọmọ ta ni, níbo ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó ní kí n tẹ oókan. Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ta ni? Ó tún ní ìpè mi ṣe pàtàkì. Lynette, ìgbà mẹ́tàdínlógún ló sọ ọ́, mo ń fà á sórí ìwé bó ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ tó bá búra fún mi nígbà mẹ́tàdínlógún pé òun kọ́ lòun jẹ ápù orí tábìlì mi, àpò rẹ̀ ni mo máa ń yẹ̀ wò. Mo tún fetí sílẹ̀ dáadáa bóyá ìwọ ni, nítorí o sọ pé iṣẹ́ ìdáhùn fóònù lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ó yẹ kó o ti kí bàbá rẹ.

Nígbẹ̀yìn mo tẹ oókan, mo sọ àdírẹ́sì mi, fọ́ọ̀mù sì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ojú ewé méjìlá. Lókè rẹ̀ ni igun mẹ́rin kékeré kan wà tó kún fún dúdú àti funfun wẹ́lẹwẹ̀lẹ, bí aṣọ ìbora tí wọ́n fi àjákù rán. Mo fi han Anti Delphia, tó ti ń rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún, ó ní ẹni tó rán èyí ti mutí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí n kọjú fóònù mi sí i. Mo fa fóònù ara ògiri títí okùn rẹ̀ fi tán, mo kọjú rẹ̀ sí i, mo dúró. Kò sọ nǹkan kan. Mo ní káàárọ̀. Kò dáhùn.

Mo wá jókòó ti fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú bírò pupa, bí mo ṣe máa ń ṣe. Gbólóhùn kan bẹ̀rẹ̀ lójú ewé kìíní, mi ò rí òpin rẹ̀ títí mo fi dé ojú ewé kejì, kò sì sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan nínú rẹ̀. Mo fún wọn ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ní ìsàlẹ̀ wọ́n ní ìfọwọ́sí tútù nìkan ni àwọn máa gbà. Ó ṣe mí ní kàyéfì díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé níwọ̀n bó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ omi, ó lè jẹ́ àṣà wọn. Mo fọwọ́ sí i, mo sì wọ́n omi sí i. Orúkọ mi ṣàn lọ dé ibi tí wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni kó kọ nǹkan sí.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọkọ̀ lọ sí ìlú, sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù náà. Mísìs Trent ló jókòó síbẹ̀, ọmọ Ruthanne, Ruthanne tí mo kọ́ ní ìwé kẹrin lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ dáadáa ni, ó ń pè mí ní Tíṣà. Nígbà tó rí ìfọwọ́sí mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní ẹ̀yin Tíṣà, bírò gidi la ní lọ́kàn o, a ò ní kẹ́ ẹ wẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kí n mú ẹ̀rí wá pé èmi ni mo ni ara mi, àti ẹ̀rí pé mi ò lówó. Mo ní wọ́n jọ wà nínú ìwé kan náà, owó ìfẹ̀yìntì tíṣà. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ìgbà wo ni owó náà máa dé ọwọ́ mi. Ó ní kò ní dé ọwọ́ mi, ìjọba á san án fún ilé iṣẹ́ omi tààrà. Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀. Wọ́n fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ níbi tí mi ò sí. Bí mi ò bá rí owó náà nígbà tó ń kọjá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó kọjá? Ó ní wọ́n á kọ lẹ́tà sí mi. Lẹ́tà ni wọ́n kọ sí mi pé àwọn á ti ẹ̀rọ pa, Lynette. Mo ti mọ lẹ́tà wọn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹrin ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ gbogbo ará ilé mi. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n sọ ẹni tó ń jẹ́ ará ilé: ẹnikẹ́ni tí a jọ ń ra omi tí a ń lò pa pọ̀. Mo ka gbólóhùn náà bí tíṣà. Kò mẹ́nu ba òrùlé. Kò mẹ́nu ba ibùsùn. Kò sọ pé odò kò gbọdọ̀ wà láàárín. Ẹni tí a jọ ń ra omi, ó tán. Anti Delphia sì ń fún mi ní ẹyin méjìlá lọ́sẹ̀ nítorí omi náà. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ṣé mo rò pé alágbe lòun ni. Nítorí náà, a jọ ń rà á. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà kejì kí n tó kúrò nílé, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, mi ò sì ní fọwọ́ sí irọ́, ìbáà gbẹ ìbáà tutù.

Níwájú orúkọ rẹ̀ ni àpótí kékeré kan wà: kí ni ẹni yìí jẹ́ sí ọ? Wọ́n ti to ìdáhùn sílẹ̀ fúnra wọn: ìyàwó, ọmọ, òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ayálégbé, òmíràn. Mo wò ó títí. Ìwọ ń pè é ní Anti, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ òkè yìí ló ń pè é bẹ́ẹ̀, bó sì tilẹ̀ fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá rẹ ni ìyàwó mi, ọdún kẹfà rèé tó ti lọ. Ọkọ Anti Delphia ni Orbin, òun náà ti lọ. Kò yá ilé lọ́wọ́ mi. Mo fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo.

Mísìs Trent ka ibẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà sì tẹ̀ síwájú pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní Tíṣà, ṣé ẹ̀yin àti Anti Delphia ti ń gbé pọ̀ ni? Mo ní omi la jọ ń lò. Ó ní ó yé òun. Kò yé e. Ó ní kí n kúkú mú òmíràn. Mo ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi sọ fún àwọn ọmọ, títí kan ìyá rẹ̀, pé òmíràn kì í ṣe ìdáhùn, ibi tí ọ̀lẹ ń sá sí ni. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n àpótí náà kò gbọdọ̀ ṣófo, àti pé gbogbo àgbàlagbà tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun, tó gbẹ.

Mo dúró ra epo sọ́kọ̀ lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tó ń ta epo bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ẹ kú oríire, Tíṣà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ omi ló ń sọ. Mo ní ẹ ṣeun, kò tíì dájú, ó ku kí òun náà fọwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín débi pé epo dà sí i ní bàtà. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Àìkú, pásítọ̀ wàásù nípa obìnrin tó lọ pọn omi nídìí kànga, tó ti fẹ́ ọkọ márùn-ún. Odindi wákàtí kan. Èmi ló sì ń wò, bí ẹni pé èmi ni ẹ̀kẹfà.

Anti Delphia kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ajé ló gba orí afárá wá, épírọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀, kò kí mi, kò kí ajá. Ó ní ìwọ Arvil Stidham, ṣé o ti sọ mí di ẹni tí ìjọba ń bọ́? Mo ní rárá o, omi nìkan ni. Ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin lòun ti lò láìtọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ó ní obìnrin kan ti pe òun láti ìlú láti béèrè irú aṣọ tí òun máa wọ̀. Mo ní aṣọ kí ni? Ó ní, o kọ́ gbogbo ọmọ òkè yìí ní ìwé, ṣé kò wá sí ẹni tó kọ́ ìwọ pé wọ́n máa ń bi obìnrin léèrè kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ tiwọn? Mo ní Delphia, ẹ má bínú, fọ́ọ̀mù lásán ni.

Ó fi épírọ́ọ̀nù nu ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò tutù. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀, ó ní, ó dáa, kí lo wá kọ síbẹ̀ pé mo jẹ́ sí ọ? Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní mi ò kọ nǹkan kan, òfìfo ni mo fi í sílẹ̀. Lynette, mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn, nítorí mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, òfìfo? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òfìfo pátápátá, kò sí ẹni tó máa rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ sídìí ẹ̀rọ, ó tú rọ́bà náà fúnra rẹ̀, ó tú okùn rẹ̀ lára afárá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ká a, gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé e lé mi lápá, ó ní òun dúpẹ́ omi. Ó lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Mo ń fura pé ẹnìkan ti ba nǹkan jẹ́ láàárín wa. Mo fura sí pásítọ̀. Mo fura sí ọkùnrin elépo. Mo tilẹ̀ fura sí mítà. Ohun tó dá mi lójú ni pé obìnrin náà ń mu omi pupa. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un nípa kíndìnrín rẹ̀, ó wà níbẹ̀ tó ń fi aṣọ sẹ́ omi náà tó sì ń sè é, sísè kò sì lè yọ irin kúrò nínú omi. Lánàá mo rí i tó ń ti ibi omi tó ń sun láti inú àpáta lójú títì bọ̀, garawa kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, lórí afárá tí pákó méjì ti jẹrà lára rẹ̀, tí kò sì ní ọwọ́ tó máa fi di okùn mú. Mo sáré jáde, mo ní kó fún mi ní ọ̀kan. Ó ní kí n lọ gbé garawa fún ará ilé mi. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi wọlé. Mi ò wọ kóòtù, atẹ́gùn sì ń fẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo pe Mísìs Trent. Ó ní kò ṣòro, kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, fọ́ọ̀mù á lọ, wọ́n á san owó náà. Ṣùgbọ́n nínú fọ́ọ̀mù kan náà ni ilé iṣẹ́ omi á ti rí i pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń lo omi ẹni mẹ́rin, wọ́n á rán ènìyàn wá wo ibi tó ń jò, ẹni náà á sì rí ojú okùn lára afárá. Ìwé tí mo fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n fa omi wá sọ pé mi ò gbọdọ̀ fà á lọ sí ilé míì, bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn á ti ẹ̀rọ pa fún gbogbo ọjọ́ ayé. Nígbà náà, bí inú Anti Delphia bá tilẹ̀ rọ̀, kò ní sí omi tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àpótí náà kò sì gbọdọ̀ ṣófo. Ọjọ́ kẹrìnlá ń bọ̀. Mi ò sùn dáadáa, jẹ́ kí n sọ fún ẹ.

Nítorí náà, ọmọ mi, bó bá rọrùn fún ẹ, fi ọgọ́rùn-ún dọ́là ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe owó omi nìkan, mo fẹ́ ra pákó méjì sórí afárá náà, nítorí yálà ó ń bá mi sọ̀rọ̀ tàbí kò bá mi sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan tẹ̀. Má fi í ránṣẹ́ láti inú fóònù, mi ò mọ ibi tó ń gbà jáde. Má fi í sí báǹkì náà, wọ́n ti lé ọmọbìnrin tó ń kí wa kúrò, ògiri kan tó lẹ́nu ló kù síbẹ̀, ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ tẹ̀ síwájú, mo ní kí ló kàn ọ́. Fi í sínú káàdì ọjọ́ ìbí, kí àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ má bàa fura. Fi kọfí díẹ̀ kún un, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ yín, tó wà nínú páànù. Kò sí ìdí kan pàtó, mo kàn gbọ́ pé ó ti ń tán lọ́dọ̀ ẹnìkan.

Kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kí ẹni tí o bá fẹ́ràn má kọ ẹ̀yìn sí ọ láìsọ ìdí. Kí àwọn ọmọ rẹ máa kọ̀wé sí ọ láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ gba owó, bó ṣe yẹ kí n ṣe. Kí ilẹ̀ máa mọ́ ọ ire.

Èmi bàbá rẹ,
Arvil Stidham

Ó ku ohun kan. Fọ́ọ̀mù tuntun náà wà níwájú mi lórí tábìlì, bírò dúdú ni mo mú lọ́wọ́ láti àárọ̀, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ tán àfi àpótí yẹn. Mo ti wo gbogbo ìdáhùn tí wọ́n tò síbẹ̀, mi ò rí i nínú wọn. Ìwọ ń gbé ìlú ńlá, fọ́ọ̀mù ti mọ́ ọ lára, o sì ti mọ àwa méjèèjì láti kékeré. Lynette, kí ni Delphia jẹ́ sí mi?